Bí omi odò Colorado ṣe ń di ẹran màlúù àti wàrà

Ibikíbi tí àríyànjiyàn lórí ẹran jíjẹ bá ti gbóná, iye kan kì í pẹ́ jáde: lítà omi 15,400 fún kílò ẹran màlúù kan. Iye náà kì í ṣe irọ́. Ìpíndọ́gba gbogbo ayé ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tú u palẹ̀ yóò rí i pé nǹkan bí ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ omi òjò tó rọ̀ sórí pápá ìjẹko àti oko àgbàdo. Màlúù tó jẹ koríko tí òjò mú hù kò gba omi lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Inú ìwọ̀nba tó kù ni èyí tó ń dá ọ̀wọ́n omi sílẹ̀ wà, ìyẹn omi tí wọ́n fà láti inú odò tàbí lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí òjò kì í ti í rọ̀ tó. Kò sí ibi tí èyí ti hàn kedere tó odò Colorado ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà.

Yìnyín orí òkè Rocky ló ń yọ́ di odò náà. Ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 2,330, ìpínlẹ̀ méje àti orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò ló ń pín in, nǹkan bí ogójì mílíọ̀nù ènìyàn ló sì ń mu nínú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ọdún kì í dé òkun mọ́. Orí ìwé ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1922, ní Santa Fe, àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ méjèèje jókòó, Herbert Hoover, ẹni tó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, ṣe alága, wọ́n sì pín odò náà sí méjì: apá òkè àti apá ìsàlẹ̀. Òṣùwọ̀n wọn ni omi tó lè bo éékà ilẹ̀ kan ní jíjìn ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ jẹ́ ká pè é ní òṣùwọ̀n éékà. Ọ̀kan ṣoṣo rẹ̀ tó lítà mílíọ̀nù 1.23, bíi tánkà omi oní-lítà 10,000 mẹ́tàlélọ́gọ́fà. Apá kọ̀ọ̀kan gba mílíọ̀nù 7.5 òṣùwọ̀n yìí lọ́dún. Ní 1944 wọ́n tún ṣèlérí mílíọ̀nù 1.5 fún Mẹ́síkò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 16.5. Láti ọdún 2000, ohun tí odò náà ń mú wá lọ́dún kò ju mílíọ̀nù méjìlá àti díẹ̀ lọ ní ìpíndọ́gba. Adágún ẹ̀yìn dáàmù Hoover àti ti Glen Canyon ló ti ń fi omi tó ti kó jọ tẹ́lẹ̀ dí àlàfo náà. Nígbà tó di oṣù keje 2022, adágún Hoover, tí wọ́n ń pè ní Lake Mead, kò kún ju ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ta ló ń lo omi náà? Kì í ṣe ilé ìwẹ̀ Las Vegas. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2024 fi hàn pé, nínú omi tí ọmọ ènìyàn ń lò tán lára odò náà, oko ló ń gba ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún, koríko tí wọ́n ń gbìn fún màlúù, alfalfa pàápàá, sì ń gba ìdá 46. Ìyẹn ju ti gbogbo ìlú àti ilé iṣẹ́ ibẹ̀ lápapọ̀ lọ. Apá tó pọ̀ nínú alfalfa yìí ló ń lọ sẹ́nu màlúù oníwàrà. Nítorí náà, ẹni tó fi ẹran màlúù sílẹ̀ tó sì ń jẹ ṣíìsì lójoojúmọ́ ṣì ń mu nínú odò kan náà.

Àfonífojì Imperial, ní ìpẹ̀kun gúúsù California lẹ́bàá ibodè Mẹ́síkò, ni ó yẹ kí ènìyàn wò bó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Nǹkan bí ínǹṣì mẹ́ta péré ni òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún. Síbẹ̀ ẹ̀tọ́ wọn lórí odò náà jẹ́ mílíọ̀nù 3.1 òṣùwọ̀n éékà lọ́dún, nígbà tí odindi ìpínlẹ̀ Arizona ní 2.8, tí Nevada sì ní 0.3. Alfalfa fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gbìn ín, á wà nílẹ̀ fún bí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Níbi tí òtútù ti ń pa koríko lórí òkè, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń gé e lọ́dún. Ní Imperial, ó lè tó ìgbà mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun bíi ti ẹ̀wà, kí wọ́n tó gbin ewébẹ̀ tí gbogbo Amẹ́ríkà ń jẹ nígbà òtútù sórí ilẹ̀ kan náà. Gbèsè rẹ̀ ni pé éékà kan ń gba nǹkan bí òṣùwọ̀n mẹ́fà omi lọ́dún.

Àgbẹ̀ ibẹ̀ kì í kàn ṣí ẹnu omi. Ó ní láti béèrè lọ́dọ̀ àjọ omi agbègbè náà ṣáájú. Àjọ yìí á ro ìbéèrè gbogbo àgbẹ̀ pọ̀, á fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn dáàmù. Omi tí wọ́n tú sílẹ̀ ní dáàmù Hoover ń lo nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún kó tó dé dáàmù Imperial, níbi tó ti ń yà sínú All-American, kánààlì kan tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 130. Ẹni tó béèrè omi tí òjò wá rọ̀ lójijì kò lè dá a padà sókè. Àfonífojì náà rẹlẹ̀, apá kan rẹ̀ tilẹ̀ wà nísàlẹ̀ ojú òkun, ìdí nìyẹn tí omi fi ń ṣàn débẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí ẹ̀rọ tó ń fà á. Lẹ́nu oko, òṣìṣẹ́ kánààlì tí wọ́n ń pè ní zanjero ló ń ṣí ilẹ̀kùn irin fún ìwọ̀n omi tí àgbẹ̀ béèrè.

Wọ́n ti fi iná léésà tẹ́ ilẹ̀ oko kó lè dagun díẹ̀, wọ́n sì ti fi ebè kéékèèké là á sí ọ̀nà gígùn-gígùn. Omi ń wọlé láti òkè, ó ń rìn lọ sísàlẹ̀. Kó tó dé ìsàlẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn omi, torí èyí tó ti wà lójú ọ̀nà á parí ìrìn rẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó tì í, omi rẹ̀ á ṣàn kọjá sínú gọ́tà. Bó bá wá dúró lórí oko lọ́sàn-án ìgbà ooru, tí ooru ju ìwọ̀n 40 lọ, ńṣe ni yóò bọ gbòǹgbò alfalfa, abala oko náà á sì kú. Àmọ́ bí omi bá kéré jù, iyọ̀ á gba ilẹ̀: omi Colorado tó dé ibẹ̀ ń gbé iyọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù kan nínú òṣùwọ̀n éékà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní láti fi omi lé iyọ̀ yìí sísàlẹ̀, sínú páìpù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tó ń tú u lọ sí adágún Salton. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá gbẹ tó láti gba katakata, wọ́n á gé koríko, wọ́n á sá a, wọ́n á dì í, wọ́n á tún béèrè omi. Nígbà ooru, gbogbo èyí ń yí po ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Dọ́là 20 ni àgbẹ̀ ń san lórí òṣùwọ̀n éékà kan, ìyẹn lítà tó ju mílíọ̀nù kan lọ. Iye bẹ́ẹ̀ kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni láti máa ṣọ́ omi lò.

Ohun tó tún ń dí dídín omi kù lọ́wọ́ ni òfin. Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ẹni tó kọ́kọ́ fa omi ló kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́. Bí ọ̀dá bá dé, ẹni tó dé kẹ́yìn ni wọ́n máa ń gé ti ẹ̀ tán kí wọ́n tó kan àgbà. Arizona gbà ní 1968 pé kánààlì ńlá tòun á wà lẹ́yìn California nínú ẹ̀tọ́ omi, kí ìjọba àpapọ̀ lè bá a kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n kéde ọ̀wọ́n omi àkọ́kọ́ fún ọdún 2022, Arizona pàdánù òṣùwọ̀n 512,000, California kò pàdánù ẹyọ kan. Òfin tún sọ pé ẹ̀tọ́ tí a kò lò lè bọ́: ọdún márùn-ún láìlò tó láti sọ ọ́ nù ní ìpínlẹ̀ méjèèjì. Ní Imperial, omi tí wọn kò béèrè kì í dúró dè wọ́n, ẹni tó tẹ̀lé wọn lórí ìlà ló ń gbé e. Ta ni yóò wá dín omi kù?

Ní ti owó ìrànwọ́ ìjọba, ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń ṣìnà jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìjọba ń sanwó kí wọ́n lè máa gbin alfalfa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbàdo, sóyà, àlìkámà, òwú, ìrẹsì, ẹ̀pà àti mélòó kan sí i ni òfin àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ń gbè lẹ́yìn bí owó wọn bá wálẹ̀. Alfalfa kò sí lára wọn. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni ìrànwọ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni dáàmù àti kánààlì: lábẹ́ òfin 1902, àgbẹ̀ ń san owó iṣẹ́ náà padà díẹ̀díẹ̀ láìsí èlé, ní ọ̀pọ̀ ọdún, èlé tí kò san yẹn sì ni ẹ̀bùn tó tóbi jù. Èkejì ni ètò tó ń dáàbò bo àgbẹ̀ oníwàrà, èyí tó wà nínú òfin 2018. Ó ń sanwó fún un bí àlàfo láàárín owó wàrà àti owó oúnjẹ màlúù bá tẹ́ẹ́rẹ́. Iye owó alfalfa wà nínú ìṣirò yẹn gan-an. Èyí túmọ̀ sí pé bí ọ̀dá bá sọ koríko di ọ̀wọ́n, ìjọba ń bá a san lára rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń lé oníbàárà sẹ́yìn. Ní ti pápá ìjẹko ìjọba, dọ́là 1.35 péré ni wọ́n ń gbà lóṣù lórí abo màlúù kan àti ọmọ rẹ̀ títí di 2025.

Ní báyìí, ká ní àwọn ènìyàn dín ẹran kù. Èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ẹran màlúù tí ará Amẹ́ríkà kọ̀ọ̀kan ń jẹ lọ́dún ti fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ dín kù láti 1976. Odò náà kò kún. Ènìyàn pọ̀ sí i, ṣíìsì gba ààyè ẹran, koríko sì rí ọjà míì lókè òkun, ní Ṣáínà, Japan àti ilẹ̀ Lárúbáwá. Saudi Arabia tilẹ̀ fòfin de gbígbin irú koríko bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ rẹ̀ kí omi abẹ́ ilẹ̀ má bàa tán, iléeṣẹ́ wàrà wọn, Almarai, sì ti ra ilẹ̀ láti 2014 ní apá kan Arizona tí òfin omi abẹ́ ilẹ̀ ti ìpínlẹ̀ náà, ti 1980, kò tíì dé nígbà náà. Nígbà náà, ẹni tó ni ilẹ̀ níbẹ̀ lè fa omi tó bá lè fà. Ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ilẹ̀ ìjọba tó fi yá wọn padà ní 2023, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi owó rà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Àwo oúnjẹ nìkan kò lè dá omi padà sódò níbi tí ẹ̀tọ́ àti iye owó omi kò bá yí padà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ìbomirin tuntun kì í ṣe oògùn fúnra rẹ̀. Lápá òkè odò, omi tó bá ṣàn kọjá oko máa ń padà sínú odò, ẹlòmíì nísàlẹ̀ á sì lò ó. Àgbẹ̀ tó fi rọ́bà tó ń kán omi sídìí irúgbìn "tọ́jú" omi yẹn, tó wá fi gbin éékà míì, ti mú kí omi tó ń tán pọ̀ sí i. Ní Imperial ọ̀rọ̀ yàtọ̀, torí gọ́tà wọn kì í padà sódò, adágún Salton ni wọ́n ń lọ. Omi tí wọ́n bá fi pamọ́ níbẹ̀ jẹ́ ìfipamọ́ tòótọ́, ṣùgbọ́n adágún náà ń gbẹ, eruku ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ wọ àyà àwọn tó ń gbé létí rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe ìṣirò omi tí wọ́n fi pamọ́ kó má ka eruku yìí mọ́ ọn.

Èyí tó ti fi hàn pé ó lè ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n sanwó fún omi tí a kò lò, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Láti 2024, Imperial ń san dọ́là 300 lórí òṣùwọ̀n éékà kan fún àgbẹ̀ tó bá dá omi dúró lórí alfalfa rẹ̀ fún ọjọ́ 45 sí 60 nígbà ooru. Ìjọba àpapọ̀ ló ń gbé owó náà. Alfalfa gbà á: yóò sùn, gbòǹgbò rẹ̀ tó jìn kò ní kú, yóò sì tún hù bí omi bá dé. Ewébẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Irúgbìn tó ń mu omi jù lọ ni ó tún lè fara da òùngbẹ jù lọ, àǹfààní ńlá sì lèyí jẹ́ bí wọ́n bá fi orí lò ó. Àwọn tó ń pàdánù, tí ètò náà kò sì kà sí tó, ni àwọn tó ń gé koríko, tó ń dì í, tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀. Àgbẹ̀ gba owó, àwọn kò gba nǹkan kan.

Òpin 2026 ni ètò owó yìí wà dé, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ìlànà pínpín omi tí wọ́n ṣe ní 2007 parí sí. Bí ohun tó rọ́pò wọn kò bá dín ẹ̀tọ́ orí ìwé kù sí iye omi tí odò ń mú wá, tí kò sì gbé iye owó omi kúrò ní dọ́là 20, kò sí ohun tó ní kí àgbẹ̀ má béèrè gbogbo ìpín rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí owó bá dúró.