Bí Máàpù Ìdìbò Ṣe Ń Sọ Ìtàn Nínú Ìwé Ìròyìn

Nígbà tí àjọ INEC kéde èsì ìdìbò ààrẹ ọdún 2023, iye ìbò láti ìpínlẹ̀ 36 àti Abuja ni àwọn oníròyìn rí gbà. Kí ayàwòrán tó fọwọ́ kan ohunkóhun, olóòtú gbọ́dọ̀ pinnu ìbéèrè kan ṣoṣo tí àwòrán náà yóò dáhùn. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó borí níbi kọ̀ọ̀kan ni òǹkàwé fẹ́ mọ̀, máàpù tí wọ́n fi àwọ̀ ẹni tó borí kun ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló yẹ. Bó bá jẹ́ iye èèyàn tó dìbò fún olùdíje kọ̀ọ̀kan ni, àwòrán ọ̀pá tó ga jura lọ ló sàn jù, kí ìsàlẹ̀ gbogbo ọ̀pá náà sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Máàpù ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ń yàn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló tètè ń ṣini lọ́nà, torí pé ilẹ̀ ni ojú ń rí, kì í rí èèyàn. Ìpínlẹ̀ Niger, tó fẹ̀ jù lọ, gba àyè rẹpẹtẹ, nígbà tí Èkó, tó kéré jù lọ ní ilẹ̀, dà bí ẹyọ àmì kan létí òkun. Tinubu borí ní ìpínlẹ̀ 12, Atiku náà borí ní 12. Ẹni tó bá ń ka àwọ̀ nìkan lè rò pé ọ̀mì ni wọ́n ta, àmọ́ ìbò 8,794,726 ni ti àkọ́kọ́, ti èkejì sì jẹ́ 6,984,520. Ní Èkó, Obi ní 582,454, Tinubu ní 572,606. Àlàfo tí kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá yìí ló mú kí wọ́n fi àwọ̀ kan ṣoṣo kun gbogbo ìpínlẹ̀ náà!

Àwọn ayàwòrán tó mọṣẹ́ máa ń jẹ́ kí àwọ̀ fẹ́lẹ́ níbi tí ìdíje ti le, tàbí kí wọ́n fi àmì róbótó tó bá iye ìbò mu sórí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí náà gba ìṣọ́ra: bí ìbò bá di ìlọ́po méjì, àyè tí róbótó náà gbà ló yẹ kó di ìlọ́po méjì, kì í ṣe ìbú rẹ̀, torí ẹni tó bá sọ ìbú di méjì ti sọ àyè di mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ kékeré abẹ́ àwòrán ló ń sọ ibi tí iye náà ti wá àti wákàtí tí wọ́n gbà á, pàápàá nígbà tí èsì kò bá tíì pé, kí òǹkàwé má baà rò pé ìpínlẹ̀ tó ṣì funfun ni ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti borí.