Ta Ló Ń Sùn Nínú Ilé Àtijọ́ Náà Lálẹ́?

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Rialto ní Venice, ní Ítálì, tí ẹ bọ́ sí gbàgede Campo San Bartolomeo, ẹ ó rí ilé oògùn kan tí wọ́n gbé pátákó oníná kékeré sí fèrèsé rẹ̀. Láti 2008 ló ti wà níbẹ̀. Nọ́ńbà kan ló wà lára rẹ̀: iye èèyàn tó ṣì fi àárín ìlú Venice ṣe ibùgbé. Ní 1951, wọ́n tó 175,000. Nígbà tó di 2022, wọn ò pé 50,000 mọ́. Ààfin wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, afárá wà níbẹ̀, àwọn tó ni ìlú ni kò sí.

Iṣẹ́ mi ni títún ilé àtijọ́ ṣe. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ògiri ni mo máa kọ́kọ́ kàn lu bí wọ́n bá pè mí sí àdúgbò kan. Mo máa ń lù ú o, ṣùgbọ́n kó tó di ìyẹn, mo ti máa rìn káàkiri ibẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Fèrèsé òkè mélòó ni iná ń tàn nínú rẹ̀? Ta ló sá aṣọ? Níbo ni èèyàn ti lè ra ìṣó, búrẹ́dì àti ọṣẹ ìfọṣọ? Ṣé ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé wà nítòsí? Ilé tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́, bó ti wù kí owó tí wọ́n ná sórí òrùlé rẹ̀ pọ̀ tó, torí pé ẹni tó ń sùn nínú ilé ló ń gbọ́ ọ nígbà tí òrùlé bá kọ́kọ́ jò.

Ìlú tí mo máa ń fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ni Bologna, ní Ítálì kan náà. Bí òjò bá ń rọ̀ ní Bologna, ẹ lè rìn láti ìkángun kan dé ìkejì láìṣí agbòjò, torí ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó ló gba iwájú ilé lọ bẹẹrẹ. Bí wọ́n bá so gbogbo wọn pọ̀, wọ́n tó kìlómítà 62. Ní 2021, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ wọ́n mọ́ ogún àgbáyé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ mi wà. Yunifásítì ìlú náà, tí wọ́n ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí 1088, ń fa akẹ́kọ̀ọ́ àti àlejò wọ̀lú láti ọ̀nà jíjìn. Ilé ò gba wọ́n mọ́. Àwọn onílé bá na yàrá òkè jáde sórí títì, wọ́n fi òpó igi gbé e dúró, wọ́n sì kó ayálégbé sínú rẹ̀. Ìjọba ìlú ì bá ti ní kí wọ́n wó gbogbo rẹ̀, torí wọ́n ti ń gba ọ̀nà. Dípò bẹ́ẹ̀, ní 1288, wọ́n pàṣẹ pé gbogbo ilé tuntun gbọ́dọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí: onílé ló ni ilẹ̀ ibẹ̀, òun ni yóò máa tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Nígbà tó yá, wọ́n tún wọn gíga rẹ̀, mítà 2.66 ó kéré tán, kí ẹni tó gun ẹṣin lè gbabẹ̀ láìforí gbá àjà. Ní 1568, wọ́n ní kí wọ́n fi bíríkì tàbí òkúta pààrọ̀ òpó igi. Àmọ́ díẹ̀ nínú ti igi ṣẹ́ kù. Ẹ lọ wo ti ilé Casa Isolani ní òpópónà Strada Maggiore, tó ga tó mítà 9. Ara mi máa ń bù máṣọ nígbàkígbà tí mo bá dúró lábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, irú àwọn ilé báyìí ti gbó. Ilé ìyàgbẹ́ ò tó, ògiri ń mumi, tálákà ló kù nínú wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù ń ṣe nígbà náà ni kí wọ́n wó irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, tàbí kí wọ́n tà á fún olówó. Ní Bologna, ayàwòrán ilé kan tó wà nínú ìjọba ìlú, Pier Luigi Cervellati, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ronú gba ibòmíràn. Ìjọba Ítálì ní owó tó yà sọ́tọ̀ fún ilé àwọn òṣìṣẹ́, owó tí ìlú gbogbo ń fi kọ́ ilé tuntun sí ẹ̀yìn odi. Ní 1973, Bologna ní òun yóò ná an sórí ilé àtijọ́, láàárín ìgboro, fún àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n mú àdúgbò márùn-ún, San Leonardo àti Solferino wà lára wọn.

Ọ̀nà tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà gbà ṣì ń kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n wọn ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì pín wọn sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ìrísí wọn ṣe jọra. Ilé tí ojú rẹ̀ tóóró, tí inú rẹ̀ gùn lọ sẹ́yìn, tó ní àtẹ̀gùn kan àti àgbàlá, ilé ẹbí ló jẹ́ látọjọ́ pípẹ́, ilé ẹbí ni wọ́n sì ní kó máa jẹ́ lọ. Ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn, tó ní gbọ̀ngàn ńlá, ló gba ilé ìkàwé àti ilé ẹ̀kọ́. Ibi tí ilé ti wó, wọ́n tún un kọ́ ní ìrísí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ àwọn onílé. Àwọn onílé fárígá, wọ́n sì ní láti yí i sí àdéhùn: ìjọba yóò fowó sí àtúnṣe, onílé yóò ní ilé rẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ayálégbé àtijọ́ yóò padà wọlé, owó ilé ò sì ní fò sókè fún iye ọdún tí wọ́n bá fẹnu kò sí. Èmi gbà pé ìyípadà yẹn ló dín agbára ètò náà kù, torí àdéhùn a máa parí, ilé kì í parí.

Ẹ fi wé àdúgbò Marais ní Paris. Òfin tí André Malraux, mínísítà àṣà, gbé kalẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ 1962 ló gba àdúgbò yẹn, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 126, sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ wó o. Mo bọ̀wọ̀ fún òfin náà. Ṣùgbọ́n wọ́n kó ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kúrò nínú àgbàlá kí ilé lè tún hàn bí ti àtẹ̀yìnwá, owó ilé gun òkè, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà ò sì padà mọ́.

Ní ti ògiri fúnra rẹ̀, ohun tí mo máa ń bá pàdé jù lọ ni sìmẹ́ǹtì. Ìyá àgbà kan pè mí nígbà kan pé yàrá ìsàlẹ̀ òun ń rùn, wọ́n ti kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀dà ń ṣí. Ẹni tó tún un ṣe ṣáájú mi ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ògiri kí omi má bàa wọlé. Omi kò fi ibi kankan wọlé láti ìta, láti ilẹ̀ ló ti ń gun ògiri bọ̀. Àwọn bíríkìlà àtijọ́ mọ̀ pé yóò máa gùn ún. Òkúta ẹfun ni wọ́n máa ń sun, tí wọ́n á pò mọ́ omi àti yanrìn, tí wọ́n á fi mọ ilé. Àpòpọ̀ ẹfun yìí rọ̀ ju bíríkì lọ, ó ní ojú ihò wínníwínní, ọ̀rinrin sì ń tibẹ̀ jáde bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Sìmẹ́ǹtì le, ó dí ojú ihò náà pa. Omi tí kò rí ọ̀nà jáde á gùn sókè sí i, iyọ̀ inú rẹ̀ á máa bó ojú bíríkì, orí igi àjà tó wà nínú ògiri á jẹrà. A bó gbogbo sìmẹ́ǹtì náà, a fi ògiri sílẹ̀ kó gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ká tó fi ẹfun rẹ́ ẹ. Mo ní kí màmá fara balẹ̀, torí ẹfun kì í kánjú le.

Bí ẹ bá ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀sọ̀rọ̀ orí òrùlé kí ẹ tó náwó sórí ògiri. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí omi kọjá fún yín. Ohun tó so bíríkì pọ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀ ju bíríkì lọ, kó lè jẹ́ pé òun ni yóò kọ́kọ́ gbó, torí òun ló rọrùn láti pààrọ̀.

Àwọn èèyàn máa ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá orúkọ ìlú nínú ìwé UNESCO kò tó láti dáàbò bò ó. UNESCO lè yọ orúkọ kúrò, ohun tó sì lè ṣe jù nìyẹn. Ó yọ ti Dresden, ní Jámánì, ní 2009 nítorí afárá kan tí wọ́n kọ́ sórí odò Elbe, ó yọ ti Liverpool, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2021, iṣẹ́ ìkọ́lé kò sì torí ìyẹn dúró. Venice bẹ̀rẹ̀ sí gba yúrò 5 ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin 2024 lọ́wọ́ ẹni tó bá wá wo ìlú, tí kò sì ní sùn níbẹ̀, láwọn ọjọ́ kan pàtó. Ó dáa kí wọ́n mọ iye àlejò. Ṣùgbọ́n owó yẹn kò tíì dá yàrá kan padà fún ọmọ Venice. Ti Barcelona, ní Sípéènì, ló wù mí jù: wọ́n ti kéde pé bó bá di oṣù kọkànlá 2028, àwọn ò ní tún ìwé àṣẹ ṣe mọ́ fún ilé tí wọ́n ń fi gba arìnrìn-àjò afẹ́, ó sì lé ní 10,000 irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ní Bologna lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń wá, wọ́n sì ń wá yàrá títí ẹsẹ̀ fi ń ro wọ́n. Bí mo bá ń rìn lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo máa ń rí àpótí kékeré onínọ́ńbà tí wọ́n so mọ́ irin ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí inú rẹ̀ fún àlejò ọlọ́jọ́ méjì. Mo gbójú sókè wo yàrá tó yọrí sórí títì, èyí tí wọ́n torí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́. Òpó rẹ̀ dúró ṣinṣin, àjà rẹ̀ gbẹ, iṣẹ́ bíríkì rẹ̀ dára. Ọjọ́ Tuesday ni, aago mẹ́wàá alẹ́, kò síná níbẹ̀.