Kí Ni Ajílẹ̀ Fi Kún Àgbàdo Yín?

Bí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn báyìí, ohun tí àwọn àgbẹ̀ máa ń bi mí ni pé, "Ṣé kí n ra ajílẹ̀ òyìnbó lọ́dún yìí?" Èmi náà á bi wọ́n pé, àgbàdo mélòó ló fi kún ti èṣí? Wọ́n á ní àwọn kó àpò mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n láìsí ajílẹ̀, ilẹ̀ á ṣáà mú nǹkan jáde. Èyí tó lé lórí ìyẹn nìkan ni ká kà sí ti ajílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi poro méjì sílẹ̀ láàárín oko, ẹ má fi ajílẹ̀ kankan sí i. Nígbà ìkórè, ẹ wọn àgbàdo rẹ̀, kí ẹ wọn ti poro méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ ó fi ṣírò gbogbo oko.

Ẹ wá ro owó ajílẹ̀, owó ọkọ̀, owó alágbàṣe, àti èlé tí ẹ bá yáwó. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ra àgbàdo nígbà tó bá pọ̀ lọ́jà wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ti ìgbà ọ̀wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí ìnáwó bá jẹ́ àpò àgbàdo méjì, àlékún náà gbọ́dọ̀ tó mẹ́rin, torí òjò lè dá lójijì.

Ẹ má sì wo owó àpò ajílẹ̀ nìkan. Nínú kìlógíráàmù 50 ajílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní yúríà, kìlógíráàmù 23 ni náítírójìn, ìyẹn oúnjẹ tó ń mú ewé àgbàdo dàgbà. NPK 15-15-15, ajílẹ̀ alápòpọ̀, tó wọ̀n bákan náà ní náítírójìn kìlógíráàmù 7.5 péré. Náítírójìn ni àgbàdo ń wá ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún, òun ni kí ẹ ṣírò iye rẹ̀.

Mo bá ìyá kan lóko nítòsí Odògbólú, ó ti fọ́n yúríà sórí yanrìn gbígbóná. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, òórùn rẹ̀ ta mí nímú. Mo ní, "Ìyá, owó yín ló ń bá atẹ́gùn lọ yìí." A fi ẹnu ọkọ́ gbẹ́ ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ àgbàdo, a bu ìdérí ìgò kan sí i, a fi yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá pe àgbẹ̀ tó ra ìdajì ajílẹ̀ tí wọ́n ní kó rà ní aláìmọ̀kan. Lórí éékà kan, àpò ajílẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń mú àlékún wá ju ìkẹrin lọ. Ẹni tó sì yá ilẹ̀ ọdún kan, kó kọ́kọ́ bá onílẹ̀ sọ ọ́ di ọdún mẹ́ta kó tó kó ìgbẹ́ adìẹ sí i, torí díẹ̀díẹ̀ nìyẹn ń ṣiṣẹ́, ẹlòmíràn ló sì lè bá a nílẹ̀.