Bọ̀kọ́tọ̀ Kì í Di Orúnkún: Ohun Tí Ara Ń Fi Prótíìnì Ṣe

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa pé kí ẹni tí orúnkún ń dùn máa jẹ bọ̀kọ́tọ̀ dáadáa, nítorí pé ohun tó ń fà nínú ẹsẹ̀ màlúù yóò lọ dí ibi tó ti jẹ nínú orúnkún ẹni tó jẹ ẹ́. Ìgbàgbọ́ yìí kan náà ni àwọn tó ń ta ìyẹ̀fun kọ́lájìnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì gùn lé, tí wọ́n ń sọ fún àwọn obìnrin pé bí wọ́n bá ń pò ó mu láràárọ̀, awọ ojú wọn yóò máa dán bíi ti ọmọdé. Òtítọ́ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Kọ́lájìnì ni prótíìnì tó pọ̀ jù lọ nínú ara ènìyàn, ó tó nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 gbogbo prótíìnì tí a ní. Òun ló wà nínú awọ, nínú eegun, àti nínú eegun rírọ̀ tó bo oríkèé. Ó sì pọ̀ nínú bọ̀kọ́tọ̀ àti pọ̀nmọ́ lóòótọ́. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé a rò pé ohun tó gba ẹnu wọlé yóò dé orúnkún ní odindi.

Àwọn ègé kéékèèké tí wọ́n ń pè ní àmínò ásíìdì ni wọ́n so pọ̀ di prótíìnì, wọ́n tẹ̀ léra wọn lórí okùn kan bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Oríṣi 20 ni ara wa ń lò láti fi ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún prótíìnì. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra ló ń pinnu bí okùn náà yóò ṣe ká tàbí lọ́, ìrísí tó bá sì ní ló ń pinnu iṣẹ́ tí yóò lè ṣe. Okùn mẹ́ta tó lọ́ mọ́ra ni kọ́lájìnì, ìdí nìyẹn tó fi yi. Okùn mẹ́rin tó ká jọ ni hẹmoglóbìnì, èyí tó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Àṣìṣe kékeré lè ba ètò yìí jẹ́. Ní ọdún 1957, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Vernon Ingram, fi hàn pé nínú hẹmoglóbìnì ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, àmínò ásíìdì kan ṣoṣo ló yí padà, ìyẹn ẹlẹ́ẹ̀kẹfà lára okùn tó ní 146. Gbogbo ìrora tí àwọn ìdílé tó ní ọmọ SS mọ̀ dunjú, láti ibi ègé kan yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a bá jẹ prótíìnì, ásíìdì inú ikùn á kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ kúrò ní ìrísí rẹ̀, pẹpusíìnì, ìyẹn ẹ́ńsáìmù (prótíìnì tó ń gé oúnjẹ sí wẹ́wẹ́) tó wà nínú ikùn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Nínú ìfun kékeré, àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn á tún gé e títí yóò fi ku àmínò ásíìdì kọ̀ọ̀kan, tàbí méjì sí mẹ́ta tó ṣì so mọ́ra. Èyí ni ẹ̀jẹ̀ máa ń gbà, ẹ̀dọ̀ ló sì ń gbé e gbà kọjá ná. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀ tó fi hàn pé orúnkún màlúù ló ti wá. Sẹ́ẹ̀lì tó bá nílò rẹ̀ yóò mú un, ìbáà jẹ́ ti irun, ti ọkàn, tàbí ti àwọn ọmọ ogun ara tó ń bá kòkòrò àrùn jà, yóò sì tò ó gẹ́gẹ́ bí àṣẹ DNA tirẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ àjogúnbá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wo ínsúlínì, ohun tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Prótíìnì ni, ó kéré, àmínò ásíìdì 51 péré ló ní, iṣẹ́ tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Frederick Sanger ṣe láti mọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 1958. Bí prótíìnì bá lè gba ẹnu dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní odindi, kò sí ìdí tí a ó fi máa gún ọmọdé tó ní àtọ̀gbẹ lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. A ń gún un nítorí pé bó bá gbé ínsúlínì mì, ikùn rẹ̀ yóò gé e bó ṣe ń gé ẹran.

Ẹ̀rí mìíràn wá láti orí òkun. Àwọn awakọ̀ ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ń jẹ ẹran màlúù oníyọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, síbẹ̀ eérìgì wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, ojú ọgbẹ́ wọn tó ti jinná sì ń tún là. Scurvy ni àìsàn náà, kọ́lájìnì tiwọn gan-an ló ń bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ń jẹ ti màlúù. Ní ọdún 1747, James Lind, oníṣègùn inú ọkọ̀ ojú omi, pín àwọn 12 tó ń ṣàìsàn nínú ọkọ̀ Salisbury sí méjì-méjì, ó sì fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní ìtọ́jú tó yàtọ̀. Àwọn méjì tó fún ní ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù ló yára gbádùn jù. Fítámìn C ni wọ́n ṣaláìní, láìsí i, okùn mẹ́ta kọ́lájìnì kì í di ara wọn mú dáadáa.

Ní ti oríkèé fúnra rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í gba inú eegun rírọ̀ tó wà níbẹ̀ kọjá, kọ́lájìnì ibẹ̀ kì í sì í tètè pààrọ̀: àwọn onímọ̀ fojú díwọ̀n pé yóò gba ju 100 ọdún lọ kí ìdajì rẹ̀ tó di tuntun. Àwọn ìwádìí kan sọ pé ìyẹ̀fun kọ́lájìnì mú kí ìrora tàbí awọ sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta á ló náwó sí púpọ̀ nínú wọn, n kò sì rí ìdí tí ẹni tí owó kò tó nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ yóò fi rà á dípò ẹyin.

Ohun tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Mẹ́sàn-án nínú àwọn àmínò ásíìdì náà ni ara kò lè ṣe fúnra rẹ̀, àfi kí a jẹ wọ́n, kọ́lájìnì kò sì ní ọ̀kan lára wọn rárá, ìyẹn tíríbítófáànì. Irọ́ ni àwọn tó ní pọ̀nmọ́ kò wúlò rárá ń pa, àmọ́ ọmọ tó jẹ́ pé pọ̀nmọ́ nìkan ló ń rí jẹ bí ẹran kò tíì rí prótíìnì tó pé. Àdàlú sàn fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ohun tí àgbàdo kò ní tó ni ẹ̀wà ní dáadáa, ohun tó kù díẹ̀ nínú ẹ̀wà sì wà nínú àgbàdo. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6 prótíìnì, àgbàlagbà tó wọn kílò 60 sì nílò nǹkan bíi 48 lóòjọ́.

Orúnkún tó ń dùn ní ìtọ́jú tirẹ̀: kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹni tó sanra jù dín ìwúwo rẹ̀ kù, kí iṣan itan sì máa gba ìdárayá kó lè ran oríkèé lọ́wọ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa kò gbọdọ̀ dá ìyẹ̀fun prótíìnì kankan lò láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà, torí pé ara kì í tọ́jú àmínò ásíìdì tó bá ṣẹ́ kù pamọ́. Ó ń tú wọn ká ni, kíndìnrín yẹn ló sì ń da ìdọ̀tí wọn jáde pẹ̀lú ìtọ̀.