Ta ló sọ pé ìwádìí tí kò rí ìyàtọ̀ ti kùnà?

Kò sí ọdún tí àwọn tó ń ṣe M.Ed., oyè kejì nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, kì í wá bá mi pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà: "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ mi ò jáde o." Wọ́n ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama méjì, wọ́n fi ọ̀nà ìkọ́ni tuntun kọ́ kíláàsì kan, wọ́n fi ti àtijọ́ kọ́ èkejì, wọ́n ṣe ìdánwò, wọ́n kó máàkì sínú SPSS, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, p, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wò bóyá ìyàtọ̀ tí wọ́n rí kọjá èèṣì, wá jáde ní 0.15. Nítorí pé ó ju 0.05 tí a máa ń fi ṣe ààlà lọ, wọ́n gbà pé iṣẹ́ ọ̀hún ti bàjẹ́. Wọ́n ní alábòójútó máa dá a padà, wọ́n ní olùdánwò tó ń bọ̀ láti fásitì mìíràn máa dójú ti àwọn. Àwọn kan á tiẹ̀ ti máa béèrè ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń "tún data ṣe". Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú, ó sì ń dùn mí, torí àwọn tó ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn ló sábà máa ń kó sí páńpẹ́ rẹ̀.

Pé kì í ṣe p ni fásitì fi ń díwọ̀n oyè, n kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ohun tí olùdánwò ń wò ni bóyá ìbéèrè ìwádìí náà ṣe kedere, bóyá ọ̀nà tí ẹ gbà ṣe é bá ìbéèrè náà mu, àti bóyá ẹ lè gbèjà ohun tí ẹ kọ.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé àwa fúnra wa la máa ń kọ hypothesis wa, àbá tí ìwádìí fẹ́ dán wò, báyìí: "Kò sí ìyàtọ̀ pàtàkì láàárín àwọn tí a fi ọ̀nà yìí kọ́ àti àwọn tí a fi ọ̀nà tọ̀hún kọ́." Tí ìṣirò kò bá wá rí ẹ̀rí tó lágbára tó láti ta hypothesis náà nù, a ó káwọ́ lérí bí ẹni tí òfò ṣẹ̀. Àwọn mìíràn kì í bara jẹ́ ní tiwọn, wọ́n á kàn kọ ọ́ sínú Orí Kẹrin, ibi tí èsì máa ń wà, pé àwọn gba hypothesis náà, pé kò sí ìyàtọ̀. Ìyẹn náà kò tọ̀nà, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ ká dúró sí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ̀ ti pẹ́ tó ti jò.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni p ń dáhùn. Ká ní ọ̀nà ìkọ́ni méjèèjì kò yàtọ̀ síra rárá, báwo ni yóò ṣe ṣòro tó kí èèṣì lásán mú àlàfo tó tó báyìí, tàbí tó jù báyìí lọ, wá? 0.05 túmọ̀ sí ẹ̀ẹ̀kan nínú ogún. Ronald Fisher, tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Rothamsted nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ iye náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1925, ohun tó sì sọ ni pé ó rọrùn láti lò. Kò sọ pé òfin ni.

Ẹ jẹ́ ká wá fi nọ́ńbà wò ó. Ká ní ìdánwò yín jẹ́ máàkì 20. Kíláàsì tí ẹ fi ọ̀nà àtijọ́ kọ́ ní àròpín 12, ti ọ̀nà tuntun ní 13.5. Standard deviation kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí máàkì àwọn ọmọ ṣe fọ́n ká sí àròpín wọn, jẹ́ 4, akẹ́kọ̀ọ́ 30 ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ṣe t-test, ìṣirò tó ń fi àròpín méjì wéra, t tó máa jáde níbẹ̀ máa jẹ́ nǹkan bí 1.45, p á wá jẹ́ 0.15. "Kò jáde." Ó dáa. Ẹ fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà, àlàfo 1.5 kan náà, standard deviation kan náà, ẹ kàn sọ akẹ́kọ̀ọ́ di 100 nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni t máa fò dé 2.65, p á sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 0.009. Ọ̀nà ìkọ́ni tuntun náà kò dára ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ náà kò gbọ́n sí i. Iye ènìyàn nìkan ló yí padà.

Ìdí nìyẹn tí èsì àkọ́kọ́ kò fi lè sọ pé kò sí ìyàtọ̀. Tí ẹ bá ṣírò ibi tí ìyàtọ̀ gidi lè wà fún àwọn 60 ìṣáájú, ẹ ó rí i pé ó lè jẹ́ pé ọ̀nà tuntun fi bí ààbọ̀ máàkì burú ju ti àtijọ́ lọ, ó sì lè jẹ́ pé ó fi máàkì mẹ́ta àtààbọ̀ dára jù ú lọ. Ìyẹn fẹ̀ púpọ̀ jù. Ẹni tó fi fìtílà kékeré wá abẹ́rẹ́ nínú yàrá, tí kò sì rí i, kò lè búra pé abẹ́rẹ́ kò sí níbẹ̀. Jacob Cohen, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣírò rẹ̀ pé tí ìyàtọ̀ bá tó ìdajì standard deviation, èyí tí òun pè ní ìyàtọ̀ àárín, ẹ nílò ènìyàn 64 nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó lè ní àǹfààní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún láti rí i. Tí ẹ bá ní 30-30, àǹfààní yín kò tó ìdajì. Iṣẹ́ tó ti ṣeé ṣe kó má jáde láti ọjọ́ tí ẹ ti kọ Orí Kẹta, níbi tí ẹ ti sọ iye ọmọ tí ẹ máa lò, ni ẹ ń dá ara yín lẹ́bi lé lórí.

Ìṣòro kan sì tún wà tí SPSS kò ní sọ fún yín. Kíláàsì méjì tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ la máa ń mú, torí ọ̀gá ilé-ìwé kò ní gbà ká tú kíláàsì ká nítorí iṣẹ́ tiwa. Olùkọ́ kan, ìyàrá kan, àsìkò kan ni àwọn ọmọ 30 yẹn ń pín. Tí olùkọ́ kíláàsì kan bá ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú mẹ́fà tí ẹ ní, gbogbo kíláàsì ló kàn. Nítorí náà ẹ̀rí tó wà nínú ọmọ 60 náà kéré ju bí a ṣe rò lọ, p tó bá sì jáde ní 0.03 nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa mú orí wa wú.

Ní 2019, Hugo Lortie-Forgues àti Matthew Inglis kó ìwádìí ńláńlá 141 jọ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan kópa nínú wọn. Owó wà lẹ́yìn iṣẹ́ wọ̀nyẹn, ìbò ni wọ́n sì fi pín àwọn tó kópa sí ẹgbẹ́. Àròpín ohun tí àwọn ìlànà ìkọ́ni tuntun náà fi kún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ jẹ́ 0.06 standard deviation péré. Lórí ìdánwò wa olómáàkì 20 yẹn, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta máàkì kan. Báwo wá ni M.Ed. oníkíláàsì méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ṣe máa ń rí èrè ńlá ní gbogbo ìgbà? Nílé wa níbí, Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Odidi ọdún mẹ́fà ni wọ́n pinnu láti fi kọ́ àwọn ọmọ náà, láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà. Wọn kò retí kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fi ohun tó ń gba ọdún mẹ́fà hàn.

Nítorí náà, tí mo bá ṣí iṣẹ́ kan tí hypothesis mẹ́fẹ̀ẹ̀fà inú rẹ̀ "jáde", tí p gbogbo wọn jẹ́ 0.000, n kì í yọ̀. Mo máa ń fẹ́ rí ìwé ìdánwò àwọn ọmọ náà. Ó lè jẹ́ òótọ́, n kò sọ pé kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ṣe máa ń rí kọ́ nìyẹn.

N kò tún fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí sódì. Gbogbo iṣẹ́ tí kò rí ìyàtọ̀ kọ́ ló dára. Nígbà mìíràn ìdánwò náà ló le jù tàbí tó rọrùn jù, tí gbogbo ọmọ fi gba máàkì tó sún mọ́ra. Nígbà mìíràn olùkọ́ kò tilẹ̀ lo ọ̀nà tuntun náà bí ẹ ṣe ní kó lò ó. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹ bá alábòójútó kan pàdé tí òun náà gba ìgbàgbọ́ òdì yìí gbọ́, tó máa ní kí ẹ lọ "wò ó dáadáa sí i". Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ohun tó yẹ kí ẹ wò, kí ẹ sì mú ìṣirò iye ènìyàn yín dání lọ. Ó sàn kí ẹ ti jọ sọ ọ́ kí ẹ tó wọ ilé-ìwé kankan: ìyàtọ̀ wo ló tóbi tó láti ṣe pàtàkì, ọmọ mélòó ló sì máa gbà kí a tó lè rí i? Bí ẹ kò bá lè rí ọmọ tó iye yẹn, ìdánwò ìṣáájú tó bá ìdánwò ìkẹyìn mu dáadáa lè dín àìní yẹn kù, tí ẹ bá lo ANCOVA, ìṣirò tó ń ro máàkì ìdánwò ìṣáájú mọ́ ọn kó tó fi ẹgbẹ́ méjèèjì wéra.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní data yín pé kó bá yín "tún un ṣe". Fásitì lè gba oyè padà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó gba owó lọ́wọ́ yín kò sì ní bá yín dúró níwájú ìgbìmọ̀. Nínú Orí Kẹrin, ẹ kọ àròpín méjèèjì, ẹ kọ àlàfo àárín wọn àti ibi tó lè fẹ̀ dé, ẹ kọ iye ọmọ, ẹ sì sọ pé ìwádìí yín kò rí ẹ̀rí tó tó láti ta hypothesis náà nù. Ẹ di ìwé ìdánwò àwọn ọmọ náà sínú páálí, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún yín ní oyè.