Ìkọ́ṣẹ́ àti iṣẹ́ máíkírósíkóòpù nínú ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí

Iṣẹ́ máíkírósíkóòpù nínú ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí ni iṣẹ́ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wo ohun tíntín tí ojú lásán kò lè rí lára ènìyàn, ẹranko, ewéko àti kòkòrò àìfojúrí, tí wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì ń wọn ohun tí àwòrán náà fi hàn. Oríṣiríṣi ènìyàn ló ń ṣe é: onímọ̀ àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù, olùwádìí tó ń wo bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín sí méjì, onímọ̀ físíìsì tó ń to lẹ́ńsì àti léésà pọ̀, àti ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò ka àwòrán. Yunifásítì tó ń fúnni ní oyè tó dá dúró lórí iṣẹ́ yìí kò pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá, nídìí ẹ̀rọ, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́ ọ, bí ẹni ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1665 ni Robert Hooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn yàrá kéékèèké tó rí nínú èèpo igi ní orúkọ tó di sẹ́ẹ̀lì títí dòní. Láàárín ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ ní ìlú Delft ní Netherlands, bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ohun abẹ̀mí tíntín nínú omi pẹ̀lú lẹ́ńsì tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Nǹkan bí 50 ọdún ló fi ń kọ lẹ́tà nípa ohun tó rí sí Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀nà tó ń gbà ṣe lẹ́ńsì rẹ̀ tó dára jù lọ han ẹnikẹ́ni. Nígbà tó kú ní 1723, ọgbọ́n náà bá a lọ. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1839, tó di Royal Microscopical Society, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ tí a dá sílẹ̀ kí ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ lè máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó ṣì ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nídìí sìláìdì ẹ̀jẹ̀

Ní Nàìjíríà, ibà ni olùkọ́ àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ máíkírósíkóòpù lò. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo àìsàn ibà tó ń ṣẹlẹ̀ lágbàáyé ló ń ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí nìkan. Ọ̀nà tí a fi ń wá kòkòrò náà kò sì yí padà púpọ̀ láti ìgbà tí Alphonse Laveran, dókítà ọmọ ogun Faransé, kọ́kọ́ rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ogun kan ní ìlú Constantine ní Àlùjíríà, ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1880. Ohun tó yí padà jù ni aró tí a fi ń pa ẹ̀jẹ̀ láró kí kòkòrò lè hàn. Gustav Giemsa ní Hamburg ló ṣe èyí tí gbogbo ayé ń lò báyìí, ní 1904.

Oyè onímọ̀ àyẹ̀wò ìṣègùn máa ń gba ọdún márùn-ún ní yunifásítì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọdún kan tí onítọ̀hún yóò fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kí ó tó gba ìwé àṣẹ pípé lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń darí iṣẹ́ náà, èyí tí òfin ọdún 2003 gbé kalẹ̀. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ láàbù tí kì í ṣe ti ìṣègùn ní àjọ tiwọn, tí oríléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Samonda, Ìbàdàn. Síbẹ̀, ọdún tí ènìyàn lò lábẹ́ ọ̀gá ló sábà máa ń fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹni tó mọ kòkòrò ibà nínú ìwé àti ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ méjì ni ọmọ iṣẹ́ máa ń tẹ́ sórí sìláìdì, ìyẹn dígí pẹlẹbẹ kékeré: ọ̀kan nípọn, ọ̀kan fẹ́lẹ́. Nínú èyí tó nípọn, omi inú aró máa ń bẹ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, kí a lè wo ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọdọ̀ jẹ́ kí ọtí tí a fi ń mú ẹ̀jẹ̀ fẹ́lẹ́ lẹ̀ mọ́ dígí kàn án. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣi èyí ṣe máa ń ba sìláìdì jẹ́ kó tó dé abẹ́ lẹ́ńsì. Ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́lẹ́ ló ń sọ irú kòkòrò tó jẹ́. Plasmodium falciparum ló pọ̀ jù nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n malariae àti ovale náà wà, àṣìṣe láàárín wọn kò sì ṣọ̀wọ́n fún ẹni tí kò tíì rí wọn nígbà púpọ̀. Omi tí a fi po aró pẹ̀lú ní ìwọ̀n tirẹ̀, pH 7.2 (pH ni ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó). Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àwọ̀ kì í hàn dáadáa, aàmì tó yẹ kó hàn lára sẹ́ẹ̀lì kò sì ní hàn.

Lẹ́yìn náà ni kíkà. Lẹ́ńsì olóróró, tí a ń kán òróró sí àárín òun àti sìláìdì, ni a ń lò; òun àti lẹ́ńsì tí a ń fojú wò jọ ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 1,000. Kí a tó sọ pé kò sí kòkòrò, ó kéré tán ibi 100 lórí sìláìdì ni a gbọ́dọ̀ ti wò. Bí ó bá wà, a ó máa ka kòkòrò pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun papọ̀. Bí kòkòrò bá ti pé 100 nígbà tí sẹ́ẹ̀lì funfun pé 200, a lè dúró. Bí kò bá pé bẹ́ẹ̀, a ó ka sẹ́ẹ̀lì funfun dé 500. Ẹni tó bá ka kòkòrò 120 sí sẹ́ẹ̀lì funfun 200 yóò sọ iye kòkòrò náà di púpọ̀ pẹ̀lú 8,000 (iye sẹ́ẹ̀lì funfun tí a gbà pé ó wà nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan), yóò pín in sí 200, yóò sì kọ 4,800 fún máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan. Nínú iṣẹ́ ìwádìí, ènìyàn méjì ló ń ka sìláìdì kọ̀ọ̀kan láìmọ ohun tí ẹnì kejì rí. Bí wọ́n bá ta ko ara wọn, ẹnì kẹta ni yóò là á.

WHO ní ìdánwò fún àwọn tó ń ka sìláìdì ibà, ó sì pín wọn sí ìpele mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ wà ní ìpele kìíní gbọ́dọ̀ gba 90 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní mímọ̀ bóyá kòkòrò wà, kó gba bákan náà ní mímọ irú rẹ̀, kó sì ka iye tó sún mọ́ òtítọ́ nínú ìdajì sìláìdì, ó kéré tán. Ìwé ẹ̀rí náà kì í wà títí láé, nítorí ojú tí a kò lò máa ń gbàgbé. Ní Èkó, ibùdó ìmọ̀ nípa àyẹ̀wò ibà tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Èkó, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wellington Oyibo jẹ́ olórí rẹ̀, ti dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè lẹ́kọ̀ọ́.

Àyẹ̀wò kíákíá tí a ń fi ìkán ẹ̀jẹ̀ kan ṣe ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ máíkírósíkóòpù ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké. Ṣùgbọ́n kì í sọ iye kòkòrò. Irú èyí tí a ń lò jù sì lè ṣì máa sọ pé ibà wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí aláìsàn ti lo oògùn tó sì ti sàn. Nítorí náà, ẹni tó mọ sìláìdì kà ṣì ṣe pàtàkì, pàápàá níbi tí a ti fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ ìgbà kúkúrú

Àwọn olùwádìí tó ń lo ẹ̀rọ ńlá máa ń kọ́ṣẹ́ ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Èyí tó lókìkí jù ni ti Marine Biological Laboratory ní Woods Hole, Massachusetts, ní Amẹ́ríkà. Shinya Inoué, ọmọ Japan tó fi ìmọ́lẹ̀ onípólà (èyí tí ìgbì rẹ̀ ń mì sí ìhà kan ṣoṣo) fi okùn tó ń fa kúrómósóòmù, ohun tó gbé àbùdá, hàn nínú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè, wà lára àwọn tó dá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà sílẹ̀ ní nǹkan bí 1980. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ máa ń kó ẹ̀rọ tuntun wá yá wọn lásìkò ẹ̀kọ́. EMBL, ibùdó ìwádìí ohun abẹ̀mí ti Yúróòpù ní Heidelberg, Jámánì, náà ń ṣe irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Yunifásítì York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe ń darí yàrá máíkírósíkóòpù. Ní 2020, irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ wáyé ní Yunifásítì Cape Town fún àwọn olùwádìí láti ilẹ̀ Áfíríkà.

Ipò iṣẹ́

Ẹ̀rọ tó ń lo léésà máa ń ná ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún dọ́là, ti elẹ́kítírọ́ọ̀nù alótùútù, tó ń fi elẹ́kítírọ́ọ̀nù dípò ìmọ́lẹ̀ wo ohun tí a mú dì, sì ń wọ mílíọ̀nù. Ìdí nìyẹn tí yunifásítì fi ń kó wọn jọ sí yàrá àjùmọ̀lò kan, tí wọ́n sì ń gba òṣìṣẹ́ tí yóò máa tọ́jú wọn, tí yóò máa kọ́ àwọn tó fẹ́ lò wọ́n, tí yóò sì máa gba wọ́n nímọ̀ràn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìmọ̀ràn yìí lè jẹ́ apá tó níye lórí jù, nítorí àwòrán tí a yà láìmọ ohun tí a fẹ́ wọ̀n, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè tún un ṣe.

Àwọn òṣìṣẹ́ yìí kì í sábà rí orúkọ wọn nínú ìwé ìwádìí tí iṣẹ́ wọn bí. Ìtàn olùwádìí Douglas Prasher máa ń jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1992, nígbà tó wà ní Woods Hole, ó tẹ àbùdá èròjà tó ń tàn ní àwọ̀ ewé lára ẹja jẹ́lì jáde, èyí tí a wá ń fi mú apá sẹ́ẹ̀lì tàn lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó sì fi í ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí Martin Chalfie àti Roger Tsien. Owó ìwádìí tirẹ̀ tán. Nígbà tí àwọn méjèèjì pẹ̀lú Osamu Shimomura gba Ẹ̀bùn Nobel lórí èròjà náà ní 2008, awakọ̀ ni Prasher ní iléeṣẹ́ kan tó ń ta ọkọ̀ ní Alabama. Ó padà sí iṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn náà, ní láàbù Tsien fúnra rẹ̀. Ní 2019 ni Chan Zuckerberg Initiative, àjọ afúnnilówó kan ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í san owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àjùmọ̀lò, èyí tí àwọn afúnnilówó kì í sábà ṣe tẹ́lẹ̀.

Ipò tuntun jù ni ti ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ka àwòrán. ImageJ, ètò kọ̀ǹpútà tí Wayne Rasband kọ ní iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà ní 1997, ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀fẹ́ ni.

Ní ilẹ̀ olóoru, ìtọ́jú ẹ̀rọ jẹ́ iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ọ̀rinrin máa ń jẹ́ kí lẹ́ńsì bu, bí búrẹ́dì ṣe ń bu, lẹ́ńsì tó bá sì ti bu wọ inú kì í sábà ṣeé tún ṣe. Àwọn àgbà láàbù máa ń tọ́jú ẹ̀rọ sínú àpótí tí gílóòbù kan ń tàn nínú rẹ̀ kí ó lè gbẹ. Wọ́n á sì nu òróró kúrò lójú lẹ́ńsì lójoojúmọ́ kí wọ́n tó lọ sílé.

Ìfọwọ́sowọ́pọ̀

Ní Yúróòpù, Euro-BioImaging, tó di àjọ onífìdímúlẹ̀ lábẹ́ òfin ní 2019 pẹ̀lú oríléeṣẹ́ ní Turku, Fíńlándì, ń jẹ́ kí olùwádìí orílẹ̀-èdè kan lo ẹ̀rọ tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní Janelia, ibi ìwádìí kan ní Virginia, Amẹ́ríkà, ibùdó kan ti ń gba àlejò láti 2014 kí wọ́n wá lo ẹ̀rọ tí iléeṣẹ́ kankan kò tíì máa tà, láìsan kọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ QUAREP-LiMi, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020, ń gbìyànjú kí ìwọ̀n tí ẹ̀rọ kan bá fún ni lè bá ti ẹ̀rọ mìíràn mu.

Ní Áfíríkà, African BioImaging Consortium ló ń so àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí pọ̀, Africa Microscopy Initiative ní Cape Town sì ń ṣí ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ fún olùwádìí káàkiri ilẹ̀ náà.

Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ má wọ́n. Foldscope, tí Manu Prakash àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford gbé jáde ní 2014, bébà ni a ń ṣẹ́ pọ̀ fi ṣe é. OpenFlexure, tí àwọn onímọ̀ físíìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, ni a ń fi ẹ̀rọ tó ń tẹ ohun gidi jáde láti inú ike (3D printer) tẹ̀, àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Dar es Salaam ní Tansáníà ń kọ́ ọ fúnra wọn, wọ́n sì ti ń bá àwọn onímọ̀ ibà ní Ifakara ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí apá kan bá ṣẹ́ lára rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tẹ òmíràn.