Ìgbàgbọ́ Òdì Nípa Agbábọ́ọ̀lù Tó Di Akọ́nimọ̀ọ́gbá: Ọ̀rọ̀ Allan Caidic ti Filipínì

Láàárín àwọn tó fẹ́ràn eré ìdárayá, ìgbàgbọ́ kan wà tí a kì í sábà yẹ̀ wò dáadáa. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tó bá ta àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù kò lè ṣàì mọ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, nítorí pé ohun tí èèyàn bá mọ̀ ọ́n ṣe, ó yẹ kó lè fi kọ́ ẹlòmíràn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá gba iṣẹ́ náà tí ife-ẹ̀yẹ kò sì wọlé, ẹnu àwọn èèyàn kan náà á yí padà: wọ́n á ní kò fi ọkàn sí iṣẹ́, tàbí pé òkìkí rẹ̀ àtijọ́ kò tó bí a ṣe ń pariwo rẹ̀. Èrò méjèèjì ló ṣìnà, orísun kan náà ni wọ́n sì ti wá. Iṣẹ́ ayé Allan Caidic, ọmọ Filipínì, ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé kò sí ẹni tó lè jiyàn pé ọkùnrin náà kò mọ bọ́ọ̀lù jù sínú apẹ̀rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì ni eré tó gba ọkàn àwọn ará Filipínì jù lọ. Ọdún 1975 ni wọ́n dá líìgì wọn tí wọ́n ń pè ní PBA sílẹ̀, òun sì ni líìgì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Éṣíà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń fi básíkẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ jẹun. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 1963 ni wọ́n bí Caidic. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Yunifásítì ti Ìlà-Oòrùn ní Manila, nígbà tó sì di ọdún 1987, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ PBA ń yan àwọn ọ̀dọ́ tuntun. Great Taste ni ẹgbẹ́ tó mú un, òun náà ni wọ́n sì fi jẹ ẹni tuntun tó dára jù lọ lọ́dún yẹn. Ní 1990, wọ́n fi oyè agbábọ́ọ̀lù tó yọrí jù lọ ní líìgì náà dá a lọ́lá. Triggerman ni orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fún un, nítorí pé bọ́ọ̀lù ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọta ṣe ń kúrò lẹ́nu ìbọn.

Ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 1991 ni ọjọ́ tí wọn kò lè gbàgbé. Ẹgbẹ́ Presto tí Caidic wà nígbà náà ń kojú Ginebra, òun nìkan sì kó àmì 79. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ló jù bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀yìn ìlà alámì mẹ́ta, èyí tó túmọ̀ sí pé 51 nínú àmì 79 yẹn ti ọ̀nà jíjìn wá. Kò tíì sí ọmọ Filipínì mìíràn tó kó àmì tó bẹ́ẹ̀ nínú eré PBA kan ṣoṣo. Àwọn agbábọ́ọ̀lù àlejò láti òkè òkun, irú bíi Tony Harris ti Amẹ́ríkà tó kó 105 ní ọdún 1992, nìkan ló ga jù ú lọ. Nígbà tí Caidic yóò fi fẹ̀yìn tì, bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta tó ti jù wọlé ti di 1,242, iye tí ẹnikẹ́ni kò lé bá fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ó yẹ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń ṣe gan-an kí bọ́ọ̀lù tó wọlé. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan á lọ dúró gbọn-in lójú ọ̀nà ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Caidic á sáré yí ẹlẹgbẹ́ náà ká, á sì yọ sí ẹ̀yìn ìlà. Ẹlẹgbẹ́ kejì ti rí i, ó sì ti fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ kó tó dúró. Bí bọ́ọ̀lù ṣe kan ọwọ́ rẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọjú sí apẹ̀rẹ̀, ọwọ́ òsì, tí í ṣe ọwọ́ tó ń lò, á gbé e sókè, bọ́ọ̀lù á sì ti lọ kí ọwọ́ ẹni tó ń lé e bọ̀ tó dé. Kò sí àyè fún ìrònú nínú gbogbo èyí. Ìmọ̀ tó ti wọ inú ara lọ ni, nípa títún un jù àti títún un jù láti ìgbà èwe, títí tí apá, orúnkún àti ojú fi ń ṣiṣẹ́ pọ̀ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún wọn. Ohun tí ara bá sì ti mọ̀ báyìí, ẹnu kì í sábà rí i sọ. Ẹ bi ajùbọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ pé báwo ló ṣe mọ ìgbà tó yẹ kí ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ìdáhùn tí ẹ ó gbọ́ ni pé òun ṣáà mọ̀ ni.

Iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá kò sí nínú ìyẹn rárá. Òun ni yóò yan àwọn márùn-ún tí yóò wọlé nínú ọ̀pọ̀ tó ń retí, òun ni yóò mọ ẹni tí ẹsẹ̀ ti rẹ̀ bí ẹni náà kò tilẹ̀ fẹ́ jẹ́wọ́, òun ni yóò sì fòye mọ ète akọ́nimọ̀ọ́gbá kejì kí ète náà tó ṣe é ní jàǹbá. Nígbà tó bá dá eré dúró, ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ ló ní láti bá àwọn tí òógùn bò, tí ọkàn wọn ń lù kìkì, sọ̀rọ̀ tí yóò yé wọn, tí wọn yóò sì lè ṣe bí wọ́n bá padà sórí pápá. Kò ní fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ohunkóhun tí òun ìbá ti fúnra rẹ̀ ṣe láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní láti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ibí yìí gan-an ni ìgbàgbọ́ òdì náà ti ń wó: ó ka mímọ̀ ọ́n ṣe àti mímọ̀ ọ́n sọ sí ohun kan ṣoṣo.

Ọ̀nà tí Caidic gbà dé ipò akọ́nimọ̀ọ́gbá tún fi kún ìṣòro rẹ̀. Ó ti kúrò ní San Miguel, ẹgbẹ́ tó darapọ̀ mọ́ ní 1993, ó sì lo ìgbà ìkẹyìn rẹ̀ lórí pápá pẹ̀lú Ginebra, ẹgbẹ́ tó ní olólùfẹ́ jù lọ ní gbogbo Filipínì. Robert Jaworski ló sọ ẹgbẹ́ náà dà bẹ́ẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù ni, akọ́nimọ̀ọ́gbá ni, lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gba ife-ẹ̀yẹ mẹ́rin fún Ginebra ní 1986, 1988, 1991 àti 1997, kí àwọn ará ìlú tó dìbò yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní 1998. Mo gbà pé Jaworski yìí wà lára ohun tó mú kí ìgbàgbọ́ náà lágbára tó bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún, nítorí pé àpẹẹrẹ tó hàn sí gbogbo ojú ni. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn èèyàn kì í rántí ni irú agbábọ́ọ̀lù tó jẹ́: adarí ni lórí pápá, ẹni tó ń pín bọ́ọ̀lù fún àwọn yòókù, tó fi jẹ́ pé òun ló ní iye bọ́ọ̀lù àfifúnni-jù, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí èèyàn fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹni náà sì jù wọlé, tó pọ̀ jù lọ nínú ìtàn PBA. Ó ti ń darí àwọn ẹlòmíràn tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó pè é ní akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Caidic bọ́ sórí ìjókòó akọ́nimọ̀ọ́gbá Ginebra láìpẹ́ sí ìgbà tó ṣíwọ́ bọ́ọ̀lù gbígbá. Títí di ọdún 2003 tó fi wà níbẹ̀, ife-ẹ̀yẹ kankan kò wọlé. Ní ọdún 2004, Siot Tanquingcen gba ipò náà. Ọ̀dọ́ ni, òkìkí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù kò sì tó ìdákan nínú mẹ́wàá ti Caidic. Ọdún yẹn kan náà ló gba ife-ẹ̀yẹ, èyí tí Ginebra kò rí láti 1997, ó sì tún gba òmíràn tẹ̀lé e.

Ẹnì kan lè sọ pé bóyá Caidic kò rí ọ̀gá gidi tí yóò wò kọ́ṣẹ́ ni. Irọ́ ni. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó wà nínú ẹgbẹ́ tí Ron Jacobs, akọ́nimọ̀ọ́gbá láti Amẹ́ríkà, kó jọ lábẹ́ orúkọ Northern Consolidated. Ní 1985, wọ́n wọ ìdíje PBA gẹ́gẹ́ bí àlejò, wọ́n sì gba ife mọ́ àwọn onílé lọ́wọ́; ní oṣù Kìíní ọdún 1986, wọ́n gba ife ilẹ̀ Éṣíà ní Kuala Lumpur. Nínú ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Éṣíà tí wọ́n ṣe ní Beijing ní 1990, abẹ́ Jaworski ló wà nígbà tí wọ́n gba fàdákà. Ní Bangkok ní 1998, abẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Tim Cone ló wà nígbà tí wọ́n gba bàbà. Mélòó ni agbábọ́ọ̀lù tó jókòó sábẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí? Síbẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni bí yóò ṣe kó ipa tirẹ̀ nínú ètò wọn. Kì í ṣe bí a ṣe ń ṣe ètò.

Ẹ wá wo Jong Uichico. Òun náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀dọ́ tí Jacobs kó jọ, ṣùgbọ́n kò lókìkí lórí pápá bí Caidic. Ohun tó ṣe ni pé ó padà lọ jókòó ti Jacobs gẹ́gẹ́ bí igbákejì ní San Miguel, ó ń wo bí ọ̀gá ṣe ń múra sílẹ̀, bó ṣe ń yí ẹni padà, bó ṣe ń bá ẹni tó ń bínú sọ̀rọ̀. Ìgbà tó gba ipò náà ní 1999, ife-ẹ̀yẹ méjì ló gbà lọ́dún àkọ́kọ́, méjì mìíràn sì tẹ̀lé e ní 2000. Ìgbà kan náà ni Caidic ń bá Ginebra tiraka. Bí ẹ bá to àwọn méjèèjì síwájú apẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1986, kò sẹ́ni tí yóò mú Uichico. Bí ẹ bá tò wọ́n síwájú bẹ́ńṣì ní ọdún 2000, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ pátápátá.

Àmọ́ a kò gbọ́dọ̀ torí èyí bọ́ sínú ìgbàgbọ́ òdì kejì, pé ajùbọ́ọ̀lù kò lè di akọ́nimọ̀ọ́gbá rere. Pido Jarencio, ajùbọ́ọ̀lù ọ̀nà jíjìn tí wọ́n ń pè ní Fireman, padà sí UST, ilé ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 2006. Ní eré àkọ́kọ́ nínú àṣekágbá ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga, Doug Kramer ti Ateneo, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kojú, jù bọ́ọ̀lù wọlé bí àkókò ṣe ń tán lọ, UST sì pàdánù pẹ̀lú àmì kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ìrẹ̀wẹ̀sì irú rẹ̀ máa ń pa. Jarencio gbé àwọn ọmọ náà dìde, wọ́n borí nínú eré kejì, wọ́n sì borí nínú ẹ̀kẹta lẹ́yìn tí wọ́n ti fi àkókò kún un, ife àkọ́kọ́ tí UST gbà láti 1996. Jarencio yìí kan náà sì lọ sí PBA lẹ́yìn náà láì rí ife gbà níbẹ̀, nítorí pé kíkọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń fẹ́ gbọ́rọ̀ yàtọ̀ sí ìdarí àgbàlagbà tó ń gba owó. Jojo Lastimosa náà, ajùbọ́ọ̀lù tó gbóná, ti ṣe igbákejì rí kó tó gba ife PBA fún ẹgbẹ́ TNT ní 2023. Jimmy Alapag, tó padà kọjá 1,242 ti Caidic, gba ife líìgì àwọn orílẹ̀-èdè Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà fún ẹgbẹ́ Alab Pilipinas ní 2018. Ṣùgbọ́n adarí lórí pápá ni Alapag, gẹ́gẹ́ bíi Jaworski.

Ní ti Tim Cone, kò gbá bọ́ọ̀lù nínú PBA rí. Ọdún 1989 ni ẹgbẹ́ Alaska nínú PBA gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ọdún 1991 ló tó gba ife àkọ́kọ́. Ní 1996, gbogbo ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lọ́dún náà ló kó, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn ní 2014, ife PBA tó ti gbà sì ti lé ní 20. Òun ló darí Filipínì nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Jọ́dánì ní Hangzhou ní 2023, tí wọ́n sì gba wúrà ìdíje Éṣíà tí wọn kò fojú kàn láti 1962. Bí ìgbàgbọ́ tí à ń sọ yìí bá jẹ́ òtítọ́ ni, kò yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà.

Ní tèmi, àwọn tó fi Caidic sórí ìjókòó yẹn ló yára jù. Ó yẹ kí wọ́n fún un láyè láti ṣe igbákejì, láti kùnà níbi tí ojú gbogbo ìlú kò sí, kí ó sì kọ́ bí a ṣe ń sọ ohun tí apá rẹ̀ mọ̀. Bí a bá sì fẹ́ díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀, kí a má fi ife nìkan díwọ̀n. Jayjay Helterbrand wọ Ginebra ní 2000, Mark Caguioa sì tẹ̀lé e ní 2001. Ọ̀dọ́ ni àwọn méjèèjì, abẹ́ Caidic ni Caguioa sì ti gba oyè ẹni tuntun tó dára jù lọ lọ́dún tó dé. Àwọn méjì yìí wà lára àwọn tí Tanquingcen fi gba ife ní 2004, Helterbrand sì di agbábọ́ọ̀lù tó yọrí jù lọ ní 2009, Caguioa ní 2012. Ẹni tó bá ń sọ pé Caidic kò ṣe nǹkan kan ní Ginebra ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé ọwọ́ ẹni tí àwọn méjì yẹn ti bẹ̀rẹ̀.